Má-fọwọ́-kàn-án àti Á-ṣiṣẹ́

Ẹsẹ̀ méjì ni nọ́ọ̀sì kan kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n nà gbalaja sórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, bàtà ẹsẹ̀ òsì sì ti lanu níwájú. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà ń kọrin lábẹ́ ibẹ̀, orin tí kò mọ̀ ju ìlà kan ṣoṣo lọ nínú rẹ̀, ìlà yẹn náà ló sì ń kọ lákọtúnkọ láìsí ìtìjú kankan.

Nọ́ọ̀sì náà dúró, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn yẹn ni kí ó máa rìn káàkiri wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le, kí ó rí i pé kòkòrò àìsàn kankan kò ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ẹni tí kò fọwọ́, ó ti rí i. Ẹni tó fi ìbọ̀wọ́ kan náà kan aláìsàn méjì, ó ti rí i. Ó ti lé dókítà àgbà kan padà sídìí ẹ̀rọ omi rí bí ìgbà tí wọ́n ń lé ọmọ ilé ìwé, nítorí pé ọkùnrin náà fi ọwọ́ tó fi kan aláìsàn tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án nìyẹn. Orúkọ náà wá mọ́ ọn lára débi pé tí ẹnì kan bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ fún un, ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó jẹ́ ẹ.

"Ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?"

Orin dúró. "Èmi ni mo ni ín, mà. Àtọ̀tún àtòsì."

"Ta ló ní kó o nà sílẹ̀ níbí? Ṣé o mọ ohun tó wà ní ilẹ̀ wọ́ọ̀dù?"

"Ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo mọ̀, mà. Bóòtù kan ló yọ lára irin ẹ̀. Tí mi ò bá dè é, bàbá tó ń bọ̀ wá sùn síbí lọ́la á kàn bá ara ẹ̀ nílẹ̀ ni." Ìyókù ara rẹ̀ wá yọ tẹ̀lé ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, eruku wà lórí imú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ kí ó lè fi irin bẹ́ẹ̀dì gbé ara rẹ̀ dìde.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ọwọ́ náà dúró lókè. Ó wo irin, ó wo obìnrin náà, ó tún wo irin. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n kúkú máa gbé ilẹ̀ níbí ni?"

Ìbínú ni obìnrin náà fẹ́ bí, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìbòmú bo ẹnu yẹn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà dé ojú, ojú nìkan sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè rí. Ó rí i, kò sì rántí dìde mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi èmi, màá ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí, ohun tó kù kò ju àlàyé lọ. Ṣùgbọ́n àlàyé náà pọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe é.

Àtúnṣe ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Bẹ́ẹ̀dì tó ń gbọ̀n, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, èyí tó ń fa omi sí iṣan aláìsàn, gbogbo wọn ló máa ń tú palẹ̀ tó sì máa ń tò padà. Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti figbe bọnu pé ẹ̀rọ kan ti kú, ọ̀rọ̀ kan ló ní fún wọn: "Á ṣiṣẹ́." Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Á-ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà á sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Kí ó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, Má-fọwọ́-kàn-án gbé àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wá bá a. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara ni, èyí tó ní wáyà gígùn tí wọ́n máa ń ki orí rẹ̀ sábẹ́ abíyá aláìsàn. Wáyà wọn ti sán káàkiri. Èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù ti tán, kò sì sẹ́ni tó mọ̀gbà tí òmíràn máa dé.

"Mo bẹ̀ ọ́, bá mi tún wọn ṣe. Ibà ń mú àwọn èèyàn yìí, a ò sì tètè ń mọ̀."

"Á ṣiṣẹ́," ni ó wí.

Nígbà tó gbé wọn padà dé, tépù dúdú ló fi wé ojú gbogbo ibi tó sán, ó wé e tín-ín-rín, ó dọ́gba, ó ń dán. Ọmọ aránṣọ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe jágbajàgba. Má-fọwọ́-kàn-án gbé wáyà kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ mọ́ gan-an," ni ó sọ fún un, ọkùnrin náà sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, ó fi jẹun alẹ́.

Láti ìgbà yẹn ni bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù yẹn ti ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàkíyèsí pé bóòtù tí ẹnikẹ́ni ò tú máa ń tú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí Má-fọwọ́-kàn-án bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, òun náà ti jẹ́ ọmọge rí. Á-ṣiṣẹ́ àti Má-fọwọ́-kàn-án jọ ń jẹun ọ̀sán níbi tábìlì tó wà lẹ́yìn yàrá ìfọṣọ. Obìnrin náà á fọwọ́, á tún fọwọ́, á wo ọwọ́ ọkùnrin náà, á ní kó lọ fọ tirẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, adúmáadán."

"Àárín ìka ńkọ́?"

"Àárín ìka náà fẹ́ràn rẹ, ó ní kí n kí ọ."

"Lọ fọ̀ ọ́ ná, kó wá fúnra ẹ̀ sọ ọ́."

Ọkùnrin náà lọ fọ̀ ọ́, ó padà, ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ò lè ṣe eré ọ̀rọ̀ náà mọ́, òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti wọ òun lára, òun sì fẹ́ kí ìyá òun rí i. Má-fọwọ́-kàn-án ní òun gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé abọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

Ìyá yìí ló wá kù. Opó ni Ìyá Aránṣọ, ọmọ kan yìí náà ló bí, ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì fi tọ́ ọ. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti bá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn rẹ̀. Oògùn yẹn a máa lé jẹjẹrẹ, a sì máa lé gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ara pẹ̀lú. Irun rẹ̀ ti re tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wẹ̀, tó wé gèlè, tó jókòó de ọmọge tí ọmọ rẹ̀ ń mú bọ̀.

Ọmọge pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó pààrọ̀ aṣọ kíákíá, kò ráyè wẹ̀, ó sì ro ó pé kí òun má jẹ́ kí ìyá dúró pẹ́ jù. Ìyá ṣílẹ̀kùn, ó rí i, inú rẹ̀ yọ́, ó na apá méjèèjì sí i kí ó dì mọ́ ọn. Má-fọwọ́-kàn-án rí bí ọrùn ìyá ti rù, ó rí etí gèlè tí kò sí irun lábẹ́ rẹ̀, ó rántí gbogbo ara tí òun ti fọwọ́ kàn ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀. Ó ta kété, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dì mọ́ mi. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀."

Apá ìyá wà lófuurufú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀. "Kò burú," ni ó wí, ó sì burú. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, ọmọge sì lọ.

"Mo na apá sí i, ó sá fún mi," ni Ìyá Aránṣọ sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé mò ń rùn ni? Àbí torí orí mi tó pá?"

"Ìyá mi, iṣẹ́ ẹ̀ ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ààbò yín ló ń rò."

"Mo ti rí èèyàn tó ń ro tèmi, mo sì ti rí èyí tó ń kórìíra mi. Fẹ́ ẹni tó wù ọ́. Ìyẹn kọ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà dé egungun. Ó lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò. Ọmọge sunkún, ó ní òun á lọ ṣàlàyé, ìyá ní kí ó má wulẹ̀ yọjú.

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀," ni Á-ṣiṣẹ́ wí. "Mi ò sì lè gbé ọ níyàwó kí ìyá mi máà súre fún wa. Òun nìkan ni mo ní."

"Kí wá lo fẹ́ ṣe?"

"Màá dúró."

"Tó bá pẹ́ ńkọ́?"

"Màá máa dúró náà ni. Ṣé wàá bá mi dúró?" Obìnrin náà ní òun á bá a dúró, wọ́n sì ń dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara Ìyá Aránṣọ gbóná janjan.

Ilé ìwòsàn tiwọn ni wọ́n gbé e wá, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le. Wọ́n ti fi rọ́bà kékeré kan sí iṣan àyà rẹ̀ tí oògùn ń gbà wọlé. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, inú ọmọ rẹ̀ dùn, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ilé lílọ. Lẹ́yìn náà ni ibà míràn dé. Oògùn tí wọ́n fún un kò rí i gbéṣe. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí lábù, nígbà tí èsì sì dé, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹbí ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni. Lára èmi àti ìwọ, kò lè ṣe nǹkan kan. Lára ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ ti sọ di aláìlágbára, ó ń pa èèyàn."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́, Dókítà?"

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èyí tí a bá lára wọn yìí kò gbọ́ ti oògùn àkọ́kọ́. Kò gbọ́ ti èkejì náà. Ẹyọ kan ló kù tá a gbọ́kàn lé, a ò sì ní in nílẹ̀, ilé ìwòsàn míràn la ti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Rọ́bà àyà wọn, a máa yọ ọ́, torí orí ẹ̀ ló máa ń gùn sí. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ lù kì í padà sílé."

Kì í ṣe ìyá yìí nìkan. Ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àti olùkọ́ kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ náà ní in. Wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ní ògiri gíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wọ gáùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ohun tó bá sì wọ inú yàrá kan kò gbọdọ̀ jáde lọ sínú òmíràn. Ẹ̀rù wá ń ba àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n á sáré wọlé, wọ́n á sáré jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sáré nínú wọn, ẹ ti mọ ẹni náà.

Iṣẹ́ méjì ni Má-fọwọ́-kàn-án ń ṣe. Ó ń wọlé tọ Ìyá Aránṣọ lọ, á wẹ̀ ẹ́, á yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, á fi òróró pa orí rẹ̀ tó pá. Tó bá jáde, á tún máa wá ibi tí kòkòrò náà fi ṣe ilé. Ó fi òwú nu irin bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìkélé, ẹnu ẹ̀rọ omi, tẹlifóònù, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí lábù. Lábù ní àwọn ò rí nǹkan kan. Inú bí i, ó ní irọ́ ni, ohun tó ń pa èèyàn mẹ́ta kò lè máa gbé inú afẹ́fẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí i. Nọ́ọ̀sì kan ń wọn ìgbóná ara aláìsàn, ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò nu wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Aṣọ náà rọra gba orí tépù dúdú kọjá. Má-fọwọ́-kàn-án ń wò ó. Ó rí i pé etí tépù náà ti ṣí díẹ̀, ó fi èékánná gbé e, abẹ́ rẹ̀ ti dọ̀tí, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Apakòkòrò kankan kò dé ibẹ̀ rí. Láti abíyá ẹnì kan dé abíyá ẹlòmíràn ni wáyà yìí sì ń rìn láti oṣù tó kọjá. Ọkàn rẹ̀ ti sọ èsì fún un kí lábù tó sọ ọ́.

Ó kó wáyà náà lọ sí lábù, lábù náà sì sọ ọ́. Ó lọ bá Á-ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́, níbi tí ọkùnrin náà ti ń tú ẹ̀rọ kan.

"Mo ti rí i," ni obìnrin náà wí. "Abẹ́ tépù ló wà."

"Tépù wo?"

"Èyí tó o fi wé wáyà ẹ̀rọ ìgbóná ara."

Ọkùnrin náà gbé sukudiráfà sílẹ̀. "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n lò ó fún?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"O ń sọ pé èmi ni mo fi àìsàn yìí sára ìyá mi."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o tún wọn ṣe. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wá kòkòrò, ojoojúmọ́ ni mò ń rí tépù yẹn, mo tún yìn ọ́."

"O lè fi ẹnu dídùn sọ ọ́, ohun kan náà ló jẹ́." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé o ò lè dúró kí ara wọn kọ́kọ́ yá kó o tó wá sọ ọ́?"

"Wọ́n ń lo àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù mìíràn. Tí mo bá dúró, ìyá ẹlòmíràn ló kàn."

Òótọ́ ni, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ìdí tí kò fi lè gbà á nìyẹn. "Jọ̀ọ́, máa lọ," ni ó wí. Obìnrin náà lọ. Ó gba àwọn wọ́ọ̀dù kọjá lọ kó gbogbo wáyà tó ní tépù lára.

Láti ọjọ́ náà, Á-ṣiṣẹ́ kì í wọ yàrá ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn gíláàsì ló ń dúró sí, á wo ìyá rẹ̀, á juwọ́, á lọ. Tí Má-fọwọ́-kàn-án bá ń bọ̀, á gba ọ̀nà kejì. Oògùn kẹta ti dé, ó ti ń wọ ara ìyá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

"Ọmọ yìí," ni Ìyá Aránṣọ pe Má-fọwọ́-kàn-án ní ọ̀sán kan bí ìyẹn ṣe ń fi òróró pa á lórí. Bó ṣe máa ń pè é láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kò bi í léèrè orúkọ rí. "Gbogbo wọn ló ń sá fún mi. Ẹ̀rù ò ba ìwọ ni?"

"Ó ń bà mí, mà. Ìdí tí mo fi wọ gbogbo ẹrù yìí nìyẹn."

"Ọjọ́ tó o wá sílé mi, o ò wọ̀ ọ́."

Ọwọ́ ọmọge dúró lórí rẹ̀. Ìbòmú ṣì wà lójú rẹ̀, fìlà bo irun rẹ̀, gáùn bò ó dé kókósẹ̀. "Ẹ mọ̀ mí, mà?"

"Aránṣọ ni mí. Èjìká rẹ ọ̀tún wálẹ̀ ju tòsì lọ, mo ti rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé mi. Wọn ì báà da àpò sìmẹ́ǹtì bò ọ́, mo mọ̀ ọ́."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa wẹ̀ yín."

"Ojú ló ń tì mí." Omi lé sójú ìyá. "Mo ń wò ọ́ láti inú gíláàsì yìí. Mo rí bó o ṣe ń fọwọ́ kó o tó wọlé, mo rí bó o ṣe ń fọ̀ ọ́ tó o bá jáde. Ó wá yé mi ìdí tó o fi ta kété fún mi lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo èèyàn ló dì mọ́ mi láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ nìkan lo rò ó pé mo lè kú. Mo ṣìkà sí ọ. Má bínú."

Má-fọwọ́-kàn-án kò lè nu ojú ara rẹ̀ nítorí ìbọ̀wọ́. Ó jẹ́ kí omi náà máa ṣàn wọ inú ìbòmú. "Kò sí ìbínú, mà," ni ó wí.

"Ó dáa. Kí ló wá ń ṣe ọmọ mi tó ń wò mí bí ẹni ń wo fọ́tò?"

"Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, mà."

"Lọ mú un wá fún mi."

Ó bọ́ gáùn sínú agolo ìdọ̀tí, ó fọwọ́, ó jáde. Á-ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn gíláàsì, ó fẹ́ gba ọ̀nà kejì. "Ìyá rẹ ń pè ọ́," ni obìnrin náà wí, "mi ò sì ní bẹ̀ ọ́." Ó mú gáùn tuntun, ó na án sí i. Ọkùnrin náà wo gáùn náà títí, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Obìnrin náà yí i padà, ó bá a so okùn rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn àti ní ẹ̀yìn, ó fi ìbòmú sí i lójú, ó tẹ irin tó wà lórí imú rẹ̀ kó lè mú.

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn," ni ọkùnrin náà wí. "Mo sì lé ọ, ìwọ tó o ń tọ́jú wọn."

"O lé mi lóòótọ́. A máa jà á, má ṣèyọnu. Wọlé ná."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ta ló kọ́ ọ láti máa lẹ ohun tó ya?" ni ó béèrè. "Sòkòtò ilé ìwé rẹ, mélòó ni mo lẹ̀? Tá a bá fẹ́ pín ẹ̀bi, ẹ pín in kó kárí, kí èmi náà gba tèmi. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ìkà ṣe é. Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Á-ṣiṣẹ́ níbí, kí lo wá ń ṣe lẹ́yìn gíláàsì? Dìde, lọ ṣiṣẹ́."

Ó sì dìde. Gbogbo ohun tó ti fi tépù wé rí nínú ilé ìwòsàn náà, ó wá wọn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tí kò ṣeé fọ̀ dénú, ó gé e, ó jù ú nù. Òun àti Má-fọwọ́-kàn-án jọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe àti bó ṣe ṣe é. Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀gá náà fi gbà pé èyí tí wọ́n ń lò fún aláìsàn kan tí wọ́n ń jù nù kò gbọdọ̀ tán nílẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì jà lójú ọ̀nà, wọ́n sì parí ìjà kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlòmíràn tó kó kòkòrò yẹn.

Ibà Ìyá Aránṣọ kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Ó tún wálẹ̀. Ó béèrè oúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí lábù, lábù ní àwọn ò rí kòkòrò náà. Dókítà ní kí wọ́n má tíì yọ̀, wọ́n tún fa òmíràn, wọn ò tún rí i. Ìyàwó ilé yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ yẹn náà, tirẹ̀ mọ́. Dókítà yìí, tí kì í yára rìn, ló sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú èsì náà, ó ń pariwo bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń bẹ̀rù gíláàsì yẹn wá dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Ìyá Aránṣọ sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn bí ọba. Á-ṣiṣẹ́ sunkún lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ti ṣẹ́gun, kò sì tijú.

Oògùn parí, wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀, ó rọra ń wà á. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ìyá ní kó má yà.

"Ìyá mi, ọ̀nà ilé rèé."

"Mo mọ ọ̀nà ilé mi. Ilé àwọn òbí ọmọbìnrin yẹn ni kó o gbé mi lọ."

"Dókítà ní kẹ́ ẹ lọ sinmi."

"Mo ti sinmi tó ní gbogbo ìgbà tí mo sùn síbẹ̀. Wà á lọ."

Bàbá ọmọge ló ṣílẹ̀kùn, ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ sílípáàsì, tí bébà orúkọ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀, wọ́n fún un ní àga. Ó kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun ò ránṣẹ́ ṣáájú, àìsàn kọ́ òun pé kí òun má máa sún nǹkan síwájú. "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ fún ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ rí. Àṣìṣe ni."

Ẹnu ya bàbá. Ní àkókò yìí ni Má-fọwọ́-kàn-án jáde láti ẹ̀yìnkùlé, aṣọ ilé tó ti gbó ló wọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó rí àwọn tó jókòó, ó fẹ́ padà.

"Má lọ," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o ti bi í léèrè?"

"Mi ò tíì bi í, mà. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Mo ti dé."

Á-ṣiṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àti ìyá, ó dìde, ó sì dojú kọ olólùfẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ fò lọ. "Ṣé wàá fẹ́ mi?" ni ó rí sọ.

"Màá fẹ́ ọ," ni obìnrin náà wí. "Mo ti fẹ́ ọ tipẹ́, a kàn ń dúró ni."

Bàbá ọmọge wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń nu ojú. Ó ní ohun tí ọmọ bá ti fẹ́ báyìí, kí ló kù tí àwọn fẹ́ sọ, àwọn náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ ń gbìyànjú láti dìde, ọmọ rẹ̀ fẹ́ dì í mú, ìyá sì ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún wọn. Ó súre pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.